Orúkọ Ilẹ̀ Lẹ́nu Àgbẹ̀, Orúkọ Ilẹ̀ Nínú Ìwé

Ẹni tí ó bá ṣí ìwé tí Smyth àti Montgomery kọ ní ọdún 1962 lórí ilẹ̀ àti ìlò ilẹ̀ ní àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ìgbà náà lè kọ́kọ́ rò pé ìwé ìtàn ìlú ni òun mú lọ́wọ́. Ìwó wà níbẹ̀, Ẹ̀gbẹ́dá wà níbẹ̀. Oǹdó, Òkèmẹ̀sí, Ìtagunmódì àti Àpòmù kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọba tàbí ogun ni ìwé náà ń sọ. Erùpẹ̀ ni. Àṣà àwọn onímọ̀ ilẹ̀ káàkiri àgbáyé ni pé ibi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò, tí wọ́n sì ṣe àpèjúwe irú erùpẹ̀ kan ní kíkún, ni wọn yóò fi sọ erùpẹ̀ náà lórúkọ. Láti ọjọ́ náà lọ, ibikíbi tí wọ́n bá tún ti rí irú rẹ̀, orúkọ ìlú àkọ́kọ́ náà ni yóò máa jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni oko kan ní ilẹ̀ Èkìtì ṣe lè máa jẹ́ Ìwó nínú ìwé, tí ẹni tí ó ń ro ó kò sì fojú kan Ìwó rí láyé rẹ̀.

Àpòmù, tí aáwọ̀ ọjà rẹ̀ wà lára ohun tí ó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ti di orúkọ yanrìn. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọn a sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Orúkọ ìlú wa wọ inú ìmọ̀ ilẹ̀; ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tí ń ro ilẹ̀ náà kò bá a wọlé. Àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì ni mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé àdánù tí ó ti kó bá àgbẹ̀ àti onímọ̀ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kò kéré.

Kí ni àwọn orúkọ inú ìwé náà dúró fún? Ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá ni èyí tí ó ti ara òkúta oníhóró kíkúnná jáde. Amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ó máa ń di omi mú, kòkó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ilẹ̀ Ìwó ti ara òkúta oníhóró ńláńlá jáde, yanrìn ojú rẹ̀ sì ju ti Ẹ̀gbẹ́dá lọ. Ìtagunmódì, ní agbègbè Iléṣà, ni ilẹ̀ pupa tí ó jìn, tí ó jẹ́ amọ̀ gidi, tí òkúta dúdú bí. Kòkó ń ṣe dáadáa lórí òun náà. Òkèmẹ̀sí ni tálákà inú wọn, nítorí òkúta funfun líle ni ó bí i, kò sì sí ohun púpọ̀ tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ lè fún ọ̀gbìn jẹ. Ní ti Àpòmù àti Jago, ipò tí wọ́n wà ni ó sọ wọ́n di ohun tí wọ́n jẹ́. Bí a bá dúró lórí òkè oko kan tí a sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò, ilẹ̀ Ìwó lè wà lókè. Yanrìn tí ọ̀gbàrá ti ń kó wálẹ̀ láti ayébáyé ni a ó bá ní ẹsẹ̀ òkè, òun ni Àpòmù. Ibi tí omi ti ń dúró ní àfonífojì, tí ẹsẹ̀ ti ń rì, ni Jago.

Àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá náà ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó fi ń pín ilẹ̀. Ó mọ ilẹ̀dú yàtọ̀ sí ilẹ̀ pupa. Ó mọ ilẹ̀ ọlọ́ràá yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí ó ti ṣá. Ó mọ ibi tí ó jẹ́ yanrìn, ibi tí ó jẹ́ amọ̀, àti ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ tí yóò máa dá ọkọ́ padà. Kò wo ìsàlẹ̀ kòtò. Koríko tí ó hù sí ojú ilẹ̀ ni ó ń wò, àti ìgbẹ́ ekòló. Òwe wa sọ pé ekòló tí ó bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ yóò lanu fún un. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe náà ti jókòó ti ekòló lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá yẹ ìgbẹ́ ekòló wò ní yàrá ìwádìí, wọ́n rí i pé ohun tí ń bọ́ ọ̀gbìn pọ̀ nínú rẹ̀ ju inú erùpẹ̀ tí ó yí i ká lọ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà dé ibi kan náà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà.

Kì í ṣe ní yunifásítì ni ìwádìí lórí ọ̀ràá ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Ní ọdún 1910 ni ìjọba amúnisìn dá Ẹ̀ka Iṣẹ́ Àgbẹ̀ sílẹ̀ fún Gúúsù Nàìjíríà, Moor Plantation ní Ìbàdàn sì di ojúkò iṣẹ́ náà. Òwú fún àwọn ilé ìhunṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ jẹ wọ́n lógún. Nígbà tí ó yá, ìbéèrè mìíràn gbà wọ́n lọ́kàn: báwo ni a ṣe lè máa ro ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún láìfi í sílẹ̀ di igbó? Lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn, àgbẹ̀ tí ó ro oko fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ó wá fi í sílẹ̀ kí ó sinmi, tí ó sì lọ ṣán igbó mìíràn, ń fi ilẹ̀ ṣòfò ni. Ní 1922 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ewéko kan tí wọ́n ń pè ní Mucuna. Wọn a gbìn ín kí ó bo ilẹ̀, wọn a sì fi ewé àti itàkùn rẹ̀ ṣe ajílẹ̀ fún àgbàdo àti iṣu tí ó tẹ̀ lé e. Ọmọ ìyá wèrèpè tiwa ni ewéko yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí wọ́n lò kò ní irun tí ń yúnni lára. Ẹ sáà fojú inú wo àgbẹ̀ tí a sọ fún pé kí ó lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ẹbí wèrèpè sí oko!

Ìdánwò náà gùn. Vine ni ó kó àbájáde rẹ̀ jọ sínú àpilẹ̀kọ tí ó jáde ní 1953, èyí tí ó kárí ọdún 1922 sí 1951. Ìwọ̀nba ìwádìí ni ó wà ní ilẹ̀ olóoru nígbà náà tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ó hàn nínú rẹ̀ pé ajílẹ̀ eléwé lè gbé ìkórè ró dé ìwọ̀n àyè kan láìsí pé igbó padà bo oko. Síbẹ̀ àgbẹ̀ kò gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọ̀rọ̀ náà bí àgbẹ̀ ti ń ṣírò rẹ̀. Yóò ro ilẹ̀, yóò wá èso Mucuna, yóò gbìn ín, yóò sì fi ọkọ́ yí i padà sínú ilẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, kò sí ohun tí yóò gbé lọ sí ọjà, kò sì sí ohun tí ìyàwó yóò sè fún ọmọ. Bí ó bá sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ lásán, igbó yóò bá a tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Yóò tún rí igi ìdáná, ewé àti egbòogi níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣì pọ̀, ta ni yóò sanwó ohun tí wọ́n ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́? Faulkner, tí ó ti ń darí Ẹ̀ka náà láti 1921, àti Mackie tí ó wá jẹ ọ̀gá lẹ́yìn rẹ̀, kọ ìwé kan ní 1933 lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mo yìn wọ́n fún ohun kan: wọ́n tẹnu mọ́ ọn pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ dán nǹkan wò lórí ilẹ̀ ibẹ̀ kí ó tó dá a lábàá fún àgbẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó gba ipò wọn lẹ́yìn òmìnira kọ́ ni ó fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1960 ni ìmọ̀ ìwé tó gbà tán pé ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe ní ọgbọ́n nínú. Nye àti Greenland, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Ghana, ni wọ́n tẹ ìwé wọn jáde lórí ilẹ̀ tí a ń ro tí a sì ń fi sílẹ̀ kí ó sinmi. Wọ́n fi ìṣirò hàn pé gbòǹgbò igi a máa fa ohun tí ó ti rì sí ìsàlẹ̀ padà wá sókè, pé ewé tí ń já bọ́ a máa dá a padà sí ojú ilẹ̀, àti pé eérú igbó tí a sun a máa dín ìkan ilẹ̀ kù. Ìsinmi tí àgbẹ̀ fún ilẹ̀ kì í ṣe ìfiṣòfò. Ilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ìsinmi náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ní ìdajì kejì tí àwọn olùfẹ́ àṣà bíi tèmi kì í fẹ́ kà: ọgbọ́n náà kò lè dúró bí ìsinmi bá kúrú jù. Bí ènìyàn bá ń pọ̀, tí ìlú sì ń gba oko etílé, ilẹ̀ tí ó ti ń sinmi fún ọdún mẹ́wàá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sinmi fún mẹ́ta, lẹ́yìn náà fún ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ń kéde lónìí pé kí a kàn padà sí ọ̀nà àwọn baba wa kò tíì bi àwọn baba náà léèrè iye ilẹ̀ tí wọ́n ní.

Yunifásítì Ìbàdàn ti dé láti 1948, ti Ifẹ̀ tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1970, Moor Plantation fúnra rẹ̀ sì wá bọ́ sábẹ́ Ifẹ̀. Ní 1967 ni wọ́n dá IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, sílẹ̀ ní Ìbàdàn, lórí ilẹ̀ tí ó tó 1,000 hẹ́kítà. Ibẹ̀ ni Rattan Lal, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé ní 2020, ti ṣiṣẹ́ láti 1970 títí di 1987. Ohun tí ó ń wò ni ọ̀gbàrá. Ayé ìgbà náà ni ayé katapílà. Gbogbo ìjọba ni ó ń fẹ́ oko ńlá tí ẹ̀rọ tú ní ọjọ́ kan. Ìwádìí ti Ìbàdàn fi hàn pé ilẹ̀ tí a fi àdá àti ọwọ́ ṣán kì í pàdánù erùpẹ̀ tó ilẹ̀ tí katapílà hú igi rẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ìyàtọ̀ wọn pọ̀ ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Ó tún fi hàn pé bí a bá fi pòròpórò àti koríko tó tọ́ọ̀nù 4 sí 6 bo hẹ́kítà kan, tí a kò sì tú ilẹ̀ náà, òjò kò ní rí erùpẹ̀ gbé lọ. Àgbẹ̀ tí ó fi ewé bo orí ebè iṣu rẹ̀ kò mọ tọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí oòrùn àti òjò ń ṣe fún ilẹ̀ tí ó wà níhòòhò.

Ní ilé ìwádìí kan náà ni Kang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé ètò kan jáde láàárín ọdún 1970 sí 1980 tí ó dára lójú mi gan-an. Wọ́n gbin igi Leucaena ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n sì fi àyè bíi mítà 4 sáàárín ọ̀wọ́ kan àti èkejì, àgbàdo sì wà ní àárín. Wọn a máa gé ẹ̀ka igi náà lóòrèkóòrè, ewé rẹ̀ a bo ilẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ a fa oúnjẹ wá láti ìsàlẹ̀, igi náà fúnra rẹ̀ a sì máa mú náítírójìn inú afẹ́fẹ́ wọ ilẹ̀ bí ẹ̀wà ti ń ṣe. Igbó àti oko wá ń gbé pọ̀ lórí ilẹ̀ kan náà. Lórí ilẹ̀ ìdánwò, ó ṣiṣẹ́. Ní oko àgbẹ̀, kò rìn jìnnà.

Wọ́n ní iṣẹ́ gígé igi náà pọ̀ jù, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí ọmọdé ilé wa ìbá ti sọ fún wọn bí wọ́n bá béèrè. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni igi tí ó wà lórí rẹ̀. Àlejò tí a fún ní ilẹ̀ lè gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ tàbí iṣu, kí ó sì máa mú nǹkan wá dúpẹ́ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá gbin igi tí yóò pẹ́ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí ẹni tí ó gbin igi ni ó ni igi, ẹni tí igi rẹ̀ sì wà lórí ilẹ̀ kò ṣeé lé lọ. Ìdí nìyí tí kòkó fi sọ ìṣákọ́lẹ̀ di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ní agbègbè Ifẹ̀ àti Oǹdó. Òfin ìlò ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n kò mú ìbẹ̀rù yìí kúrò lọ́kàn onílẹ̀ abúlé. Ìyàwó ilé náà wà nínú rẹ̀: oko tí ó ń dá lórí ilẹ̀ mọ̀lẹ́bí ọkọ, bí ó bá gbin ọ̀wọ́ igi méjìlá sí i, wọn yóò bi í léèrè ẹni tí ó ń gbìn ín dè. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n nílò ọ̀ràá ilẹ̀ jù, èyíinì ni àlejò, obìnrin àti ọ̀dọ́, ni àṣà kò jẹ́ kí wọ́n gbin igi. Àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ kọ èyí sílẹ̀ nígbà tí ó yá. Kò sí ìwọ̀n kan ní yàrá ìwádìí ilẹ̀ tí ó lè wọn ohun tí igi ń sọ nípa ẹni tí ó gbìn ín.

Ní ti omi oko, ọ̀rọ̀ kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ wa kì í wa kòtò ńlá láti fa omi kúrò. Ebè ni ó ń kọ. Níbi tí omi ti ń dúró, yóò kọ ebè gíga kí gbòǹgbò lè wà lókè omi, poro yóò sì gba omi lọ. Níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, ebè a máa kéré. Ní ẹ̀rùn, a sọ̀kalẹ̀ lọ sí àkùrọ̀ láti gbin ẹ̀fọ́, ìrèké àti àgbàdo. Àkùrọ̀ yìí ni ìwé 1962 pè ní Jago. Ṣùgbọ́n láti 1993 tí ètò ìjọba àpapọ̀ tí ń jẹ́ Fàdámà ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ Hausa náà ni ó gbòde. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kò sọ ju àkùrọ̀ lọ. N kò bínú sí ọ̀rọ̀ Hausa, nítorí èdè tí kì í yá ọ̀rọ̀ kò sí. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé kò sí ẹni tí ó bá wa fi ọ̀rọ̀ tiwa kọ ìwé ètò náà fún àgbẹ̀ tiwa.

Ajílẹ̀ òyìnbó ti wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà ètò Operation Feed the Nation ní 1976 ni àpò rẹ̀ ti wá di ohun tí gbogbo abúlé mọ̀. Ó mú ìkórè pọ̀, kí a má parọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí ó yá, ìwádìí fi hàn pé bí a bá ń da irú èyí tí ó ní ammonium sulphate nínú léraléra sí àwọn ilẹ̀ wa yìí, ilẹ̀ a máa kan. Owó rẹ̀ sì gun òkè nígbà tí ìjọba dín ìrànwọ́ kù. Ibẹ̀ ni àwọn yunifásítì wa ti yíjú padà sí ààtàn. Ní Ìbàdàn, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì wà lára àwọn tí ó gbé ètò tí wọ́n fi ń sọ pàǹtírí ọjà Bódìjà di ajílẹ̀ kalẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn olùwádìí LAUTECH kọ̀wé ní 2007 lórí bí jogbo, koríko olódòdó òféèfèé tí ó kún ẹ̀gbẹ́ títì wa, ṣe lè tún ilẹ̀ ṣe. Ní Abẹ́òkúta, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1988 ni ibùdó ètò OAPTIN, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2004 láti mú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ aláìlo kẹ́míkà wọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ aláìlo kẹ́míkà: ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Ohun tí iṣẹ́ náà kò ṣe ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn bàbá wa kò ní orúkọ fún un, nítorí pé kò sí èkejì tí wọn yóò fi yà á sọ́tọ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni, ó parí. Bí nǹkan tuntun bá sì dé, wọ́n mọ orúkọ í sọ. Koríko tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Chromolaena kò sí nílẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Àwọn ọdún 1940 sí 1950 ni a kọ́kọ́ rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì tàn ká oko bí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Àgbẹ̀ wò ó, wọ́n pè é ní Akíntọ́lá, àwọn mìíràn sì pè é ní Awólọ́wọ̀, oníkálukú gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí ó wà. Ìwádìí ti wá fi hàn pé ewéko yìí a máa dá ọ̀ràá padà fún ilẹ̀ tí ń sinmi. N kò mọ ẹgbẹ́ tí yóò gba ìyìn rẹ̀.

Àwa tí a ń kọ́ni ní Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tiwa láti dáhùn. Ní 1970 ni ètò Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá darí, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ní 1984 àti 1990 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá méjèèjì jáde, tí a fi ní ọ̀rọ̀ fún fónólọ́jì, fún gírámà, fún lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, òun ni a sì ń jẹ títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ìmọ̀ tiwa nìkan ni a kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ fún. Ìwé oyè ọ̀mọ̀wé tí a ti kọ lórí ilẹ̀ Ìwó àti Ẹ̀gbẹ́dá pọ̀ ní yunifásítì wa, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi kọ wọ́n. Lọ́wọ́ kejì, àgbà tí ó mọ orúkọ ilẹ̀ méje lórí oko kan ń kú lọ, ọmọ rẹ̀ sì ń gun ọ̀kadà ní ìlú.

Ìdí nìyí tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi ń lọ sí abúlé láti gba àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀. Ní abúlé kan lẹ́bàá Ìwó, mo bi bàbá àgbàlagbà kan léèrè ohun tí wọ́n ń pe ilẹ̀ tí a dúró lé. Ó ní, "Èwo nínú rẹ̀? Ti òjò ni àbí ti ẹ̀rùn?" Kí n tó dáhùn, ó ti fi àtàǹpàkò wa ojú ilẹ̀, ó fi ìyàtọ̀ hàn wá láàárín ibi tí ebè wà àti ibi tí poro wà. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ inú ìwé 1962 fún un ní Yorùbá, láti orí òkè dé odò. Ó mi orí. Ó ní ìwé náà kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọdún tí iṣu yóò kọ̀ nísàlẹ̀ níbi yanrìn yẹn. Ó sọ ọ́: ọdún kẹta, bí ẹ̀wà kò bá bọ́ sáàárín. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí a ti fẹ́ máa lọ, ó tún pè mí padà.

"Ọ̀gá, ẹ ní kí ni wọ́n ń pe yanrìn ìsàlẹ̀ yìí nínú ìwé?"

Mo ní, "Àpòmù ni, bàbá."

Ó wo oko rẹ̀ lọ, ó wò ó bọ̀. "Ó dára. Ẹ bá mi bi wọ́n ní Àpòmù, èló ni ìṣákọ́lẹ̀ wọn?"